Mo Rí I, Mo Dákẹ́: Ìtàn Iṣẹ́ Mi Lórí Ìlà Bọ́ọ̀lù

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe nínú iṣẹ́ mi ni kí n kọ́kọ́ sọ, kí ẹlòmíràn má baà sọ ọ́ fún yín lẹ́yìn mi. Mo rí ewu tó ń bọ̀ lápá òsì. Ó yẹ kí n pariwo. Mo dákẹ́. Ẹni tó yẹ kí n pariwo fún ju mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ó sì ti sọ tirẹ̀ níṣojú gbogbo ayé pé apá ọ̀tún ni ewu wà. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í sọ fún àgbà láàárín àwùjọ pé ohun tó sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí ìdákẹ́ yẹn, orúnkún ọkùnrin kan bàjẹ́, ohun tó sì tẹ̀yìn orúnkún náà yọ dé ojú ogun.

Mo ti sọ ọ́. Nínú gbogbo ìyókù, mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ráṣídì lorúkọ mi. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tẹ́rùn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí wa, Àlááji kan wò mí tìtì.

"O fẹ̀yìn tì kúrò níbo? Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Mo ní, "Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, sà."

"Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá kiri, tí wọ́n tún wá ń pè ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rín in. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò rín. Àwọn yẹn ni mò ń kọ èyí fún, àwọn tí bàbá àti ìyá wọn ti là á fún pé nọ́ọ̀sì tàbí kọ̀ǹpútà ni, kò sí ẹ̀kẹta.

Iṣẹ́ tó ń bọ́ mi kọ́ ni iṣẹ́ mi. Èyí tó ń bọ́ mi wà ní Bramalea, nítòsí Toronto, nínú ilé ìkẹ́rù kan tí mo ti ń wa fọ́kílíìfù, ọkọ̀ kékeré tó ń gbé ẹrù sókè sódò, mo sì ń ṣe é títí di òní. Bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ mi. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ olówó, ẹnikẹ́ni kò sanwó fún wa, bàtà tí a fi ń gbá a, àwa fúnra wa la ń rà á. Ọ̀rọ̀ owó ti tán nìyẹn.

Bàbá mi kúrò ní Nàìjíríà nígbà ìjọba ológun, ó fi èmi àti ìyá mi sílẹ̀ n'Íbàdàn. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá kí a tó wá bá a ní Scarborough, ní Toronto níbí, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná káàkiri ojúlé. Ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ mí lórí. Mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo jáde kó tó parí. Ohun tí mo ní ni ara. Mo sanra, mo ga, mo sì lágbára. Ọ̀rẹ́ mi kan, Ẹ́fẹ́, ọmọ Warri tí a jọ ń ṣe ṣíífìtì, ló mú mi lọ sí pápá ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó ní, "Rash, this your body dey waste for warehouse." Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn.

Kí n ṣàlàyé bọ́ọ̀lù náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ènìyàn márùn-ún máa ń tò sórí ìlà, èjìká ń kan èjìká. Ẹni tó wà láàárín ni wọ́n ń pè ní sẹ́ńtà. Òun ló máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sẹ́yìn láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó máa jù ú. Iṣẹ́ àwa yòókù ni kí àwọn alátakò má ráyè kan ajubọ́ọ̀lù náà. Ṣùgbọ́n sẹ́ńtà ní iṣẹ́ kejì tí àwọn òǹwòran kì í kíyè sí. Kó tó bẹ̀rẹ̀, á wo àwọn tó dojú kọ wá, á pariwo ibi tí ewu ti ń bọ̀, gbogbo wa á sì múra síbẹ̀. Tó bá wá tẹrí ba tán, kò ríran mọ́. Ojú àwọn tó dúró tì í ló fi ń ríran. Bí ewu bá yí ipò padà lásìkò yẹn, ẹni tó bá rí i gbọ́dọ̀ pariwo, ì báà jẹ́ ẹni tó wọ ẹgbẹ́ lánàá.

Bohdan ni sẹ́ńtà wa nígbà tí mo dé, òun náà ló tún ń kọ́ àwa ará ìlà níṣẹ́. Mẹkáníìkì ni, ọmọ ilẹ̀ Ukraine. Níbẹ̀ lòun àti àbúrò rẹ̀ Petro ti kọ́ bọ́ọ̀lù yìí láti kékeré, kí òun tó wá sí Toronto, kí Petro sì dúró sílé. Ọwọ́ Bohdan le bí egungun ẹja gbígbẹ, ẹnu rẹ̀ sì le jù ú lọ. Odindi sáà kan, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Lápá òsì rẹ̀ ló tò mí sí, pé kí n kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń dúró. Á ní kí n gbé táyà mọ́ àyà, kí n lóṣòó, kí n máa rìn bí àkàn láti ìpẹ̀kun pápá kan dé èkejì. Bí mo bá gbé ìdí sókè, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá mi lẹ́yìn, á ní, "Ta lò ń kí?" Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ wá sí pápá nítorí òtútù, ó gbà á, ó fi sápò ara rẹ̀. "Bọ́ọ̀lù ò mọ̀ pé òtútù ń mú ọ." Títí tí ìdánrawò fi parí, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì ní ìka.

Irinṣẹ́ wa nígbà yẹn kò dáa. Akoto tí a ń dé sórí, irú èyí tí ọlọ́kadà ń dé ṣùgbọ́n tó ní irin níwájú, ilé ìwé kan ló kó o dànù tí a fi rí i. Inú rẹ̀ le gbagidi, tí wọ́n bá kọlù ọ́, etí rẹ á máa dún títí ọjọ́ kejì. Nígbà tó yá, èyí tí inú rẹ̀ rọ̀ dé. Fóònù náà dé, a bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara wa, a ń wo àṣìṣe wa bí fíìmù. Àwọn ọmọ tuntun fẹ́ràn rẹ̀. Bohdan á ní, "Fóònù á fi àṣìṣe àná hàn ọ́. Ta ló máa fi ti ìsinsìnyí hàn ọ́?"

Ìwà mi kan ṣoṣo ló máa ń dẹ́rìn-ín pa wọ́n. Mi ò lè pe Bohdan lórúkọ. "Uncle Bohdan" ni mò ń pè é. Nínú eré kan, mo sọ pé "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀tún," alátakò tó dojú kọ mí sì rẹ́rìn-ín títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yẹ̀. Ẹ́fẹ́ ní, "Na who dey tell uncle 'please' for war front?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bohdan nìkan ni kò rín. Ó ní, "Lórí ìlà, kò sí àgbà." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ogun dé sí ilẹ̀ Ukraine nígbà òtútù. Inú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Scarborough la ti ń ṣe ìdánrawò nígbà yẹn nítorí yìnyín. Àwọn kan nínú wa ní kí a dá sáà náà dúró, pé kò bójú mu kí a máa ṣeré nígbà tí àwọn ènìyàn Bohdan ń kú. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú àánú, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn. Bohdan pe Petro lórí fóònù, ó sì gbé e kọjú sí wa. Ọkọ̀ tó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ogun ni Petro ń wà.

Petro ní, "Ta ló ní kí ẹ káàánú wa? Àwa náà ń gbá a níbí. Tí a bá ti gba ìsinmi, a máa ń lọ sí pápá kan lẹ́yìn ilé ìwé tí wọ́n ti tì pa. Tí fèrè ewu bá dún, a ó sá wọ abẹ́ ilẹ̀. Tó bá dákẹ́, a ó padà síbi tí bọ́ọ̀lù dúró sí, a ó tẹ̀ síwájú. Àwọn kan ń bú wa pé ọmọdé ni wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bú wa. Pápá tí ìbẹ̀rù bá gbà lọ́wọ́ wa, ta ló máa bá wa gbà á padà?"

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ nílé, bàbá mi, tí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù yìí láti ọjọ́ tó ti dáyé, gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Òótọ́ lọmọkùnrin yẹn sọ. Nígbà tí sọ́jà dúró sí gbogbo oríta l'Ékòó, a gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ bíríìjì. Kì í ṣe pé a ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. A fẹ́ kí wọ́n rí i pé a ò tíì kú ni." Ìyá mi bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin náà gbá a?" Bàbá mi ní, "Gólì ni mò ń ṣọ́." Mo ti ń bá bàbá mi gbé láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ̀.

A gbá bọ́ọ̀lù náà. Títí dòní, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá ó yẹ kí ènìyàn máa ṣeré lásìkò ogun, ìdáhùn mi ni pé, nígbà wo ló tún yẹ jù ú lọ?

Ìgbà tí ojú ọjọ́ wá gbóná, Bohdan sọ fún wa pé òun ń padà sílé. Ẹnì kejì tó máa ń jókòó ti Petro nínú ọkọ̀ ti kú, òun ló fẹ́ gba àyè náà. Kò sí ẹni tó lè yí i lọ́kàn padà, ìyàwó rẹ̀ gan-an ti gbìyànjú, ó ti sú u. Eré kan ló kù kó tó lọ. Àwọn ènìyàn rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì kún ẹ̀gbẹ́ pápá, wọ́n wọ aṣọ aláràbarà, àwọn màmá àgbà wọn gbé oúnjẹ wá. Èmi ni wọ́n sọ pé yóò gba ipò sẹ́ńtà lẹ́yìn rẹ̀.

Eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bohdan wo iwájú, ó pariwo, "Ọ̀tún, ọ̀tún." Gbogbo ìlà múra sí ọ̀tún. Ó tẹrí ba. Ìgbà yẹn gan-an ni mo rí ọkùnrin kan lápá òsì tó rọra fà sẹ́yìn díẹ̀, tó fi ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀. Ó ń bọ̀, mo mọ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kí n sọ.

Mo ronú nípa àwọn ènìyàn rẹ̀ tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Ọjọ́ ìdágbére rẹ̀ ni. Ṣé èmi ni mo fẹ́ pariwo lé e lórí níṣojú ìyàwó rẹ̀ pé kò mọ ohun tó ń sọ? Mo ní n ó fi ara mi dí ọkùnrin náà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Wọ́n máa ń sọ fún wa nílé pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ọ̀ràn tí ẹnu dídì ń kó báni.

Mo sáré pàdé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kí n dì mú tẹ́lẹ̀ náà ti já. Èmi àti àwọn méjèèjì la jọ ṣubú lé ẹsẹ̀ Bohdan láti ẹ̀gbẹ́. Mo gbọ́ ìró orúnkún rẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ní yóò rìn, ṣùgbọ́n kò ní sáré mọ́, kò sì ní lè gbé ènìyàn mọ́. Ẹni tí kò lè gbé ènìyàn, kí ni yóò máa ṣe nínú ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn? Petro ń bá iṣẹ́ lọ ní òun nìkan.

Mo fẹ́ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Bohdan ránṣẹ́ pè mí sí pápá. Ó dúró lórí ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì nínú afẹ́fẹ́ tútù, gbogbo ẹgbẹ́ ń wò wá.

"Ìwọ ni sẹ́ńtà báyìí. Pe orúkọ mi."

"Uncle Bohdan."

"Uncle ò sí níbí. Ìgbà tó o bá fi pe uncle tán, wọ́n ti gbé ajubọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀. Pe orúkọ mi, kó o sọ apá ibi tí ewu wà."

"Ẹ jẹ́ kí n máa pè yín ní kóòṣì, sà."

"Sà náà ò sí níbí."

Ẹ́fẹ́ ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́ rẹ̀. "Rash, abeg, call the man name make we go house."

Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní òun ò gbọ́. Mo tún un sọ. Ó rìn sẹ́yìn lórí ọ̀pá rẹ̀ títí tó fi dé ìpẹ̀kun pápá, ó dúró. Mo wá pariwo, "Bohdan, òsì." Mo pariwo rẹ̀ títí ohùn mi fi há, títí tí kò fi dà bí ìwọ̀sí létí ara mi mọ́.

Mi ò mọ̀ pé bàbá mi ti dé, ó wá gbé mi, ó dúró lẹ́yìn ọgbà wáyà. Nínú mọ́tò, nígbà tó kù díẹ̀ ká délé, ó bi mí.

"Ta lò ń pè lórúkọ bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Kóòṣì ni, Dádì. Òun ló ní kí n pe òun bẹ́ẹ̀."

"Orí pápá ni kó o fi sílẹ̀. Bó o bá gbé e wọ ilé mi, èmi náà á pariwo tìrẹ."

Mo ṣe sẹ́ńtà láti ìgbà náà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo pariwo mọ́ àwọn tó jù mí lọ àti àwọn tí mo jù lọ. Lásìkò mi, wọn kò tún gbé ẹnì kankan kúrò lórí ìlà wa nítorí pé ẹnì kan rí ewu tó sì dákẹ́. Mo gbéra ga nítorí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbéra ga.

Nígbà òtútù tó tẹ̀lé e, bọ́ǹbù bá ọkọ̀ Petro. Irin há ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀, kò sì sí ẹnì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó lè fà á jáde. Kí àwọn mìíràn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà ti kọjá àtúnṣe. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún.

Ìyá mi, tó ti mọ ohun tí mo ṣe, ní, "Alhamdulillahi. Tí Bohdan bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Ọlọ́run ló lò ọ́ láti dá ẹ̀mí rẹ̀ sí." Ẹ́fẹ́ sọ irú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ló ń sọ ọ́. Mi ò gbà á. Ó lè jẹ́ pé Bohdan ì bá ti kú, ó sì lè jẹ́ pé òun ni ì bá fa àbúrò rẹ̀ jáde kí ẹsẹ̀ náà tó bàjẹ́. Èmi kọ́ ló yẹ kí n yan èyí tó bá dùn mọ́ mi nínú méjèèjì. Ẹni tó bá dákẹ́, wọ́n ní tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi kò bá mi dákẹ́, tẹlòmíràn ló bá mi dákẹ́.

Dókítà ti ní kí Bohdan máa fi ẹsẹ̀ náà rìn, mo sì máa ń fi mọ́tò gbé e lọ sí Port Credit lópin ọ̀sẹ̀ kó lè rìn létí omi. Níbẹ̀ ni mo ti sọ fún un.

"Mo rí ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà. Mo rí i kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ yín."

Ó ń wo àwọn ọkọ̀ ojú omi. "Mo mọ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Èjìká rẹ kan tèmi. Ó yí sí òsì. Ara rẹ sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ ló kọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi bá mi wí?"

"Mo bá ọ wí. Kí lo rò pé ariwo tí mo ní kó o máa pa jẹ́?" Ó rìn díẹ̀, ó dúró. "Ṣé o ti sọ fún Petro?"

"Rárá, sà."

"Tèmi ti tán. Mi ò lè bá Petro dárí jì ọ́."

Lọ́dún tó kọjá, orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bákan. Iná mọ́tò á máa dùn mí lójú, mo máa ń gbàgbé ohun tí mo wá gbé ní ilé ìkẹ́rù. Dókítà ní tí mo bá tún gba ìkọlù kan sí i, òun ò mọ ohun tí òun máa rí. Mo bọ́ akoto sílẹ̀ fúnra mi kí wọ́n tó fi àga gbé mi jáde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bi mí bóyá kí ẹ wọ iṣẹ́ yìí, mi ò ní purọ́ fún yín, ó jẹ nínú ara mi. Ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀ pé mo ṣe é. Mo mọ ohùn ara mi. Àwọn kan ka gbogbo ìwé ayé tán, wọn ò mọ tiwọn.

Petro ṣì wà ní ilé ìwòsàn. Ó ń kọ́ àwọn sọ́jà tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ bí tirẹ̀ bí wọ́n ṣe lè ju bọ́ọ̀lù láti orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, nínú ọgbà, àwọn nọ́ọ̀sì ń pariwo lé wọn lórí. Ó máa ń pè mí ní ọjọ́ Sátidé, a máa ń rí ojú ara wa lórí fóònù. Á bi mí nípa ìlà wa, á ní àwọn ará Toronto ò mọ bí a ṣe ń dúró. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, kì í ṣaláì sọ pé, "Ráṣídì, o ṣeun tó o ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi." Èmi á ní kò tọ́pẹ́.

Sátidé tó kọjá, ó tún dúpẹ́. Mo ní, "Petro." Ó ní, "Mò ń gbọ́." Ó dúró, ó ń wò mí, ó gbé bọ́ọ̀lù lé itan ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kù. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Ohun tó jáde ni pé, "Báwo ni òtútù ọ̀hún?"

Ó ní ó mú. Gbèsè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn mi.